Aró Inú Ìgò

"Ìka wo ni kí n gún lónìí?"
Ìyá mi na ọmọńdinrín ọwọ́ òsì,
òun nìkan ni aró kò tíì jẹ tán.
Àwọn yòókù dúdú dé ọrùn-ọwọ́,
iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìnkùlé wa ní Kẹ́mta,
ọṣẹ kò ràn án, kànrìnkàn ti gbà fún Ọlọ́run.

Ẹ̀jẹ̀ yọ, kò ju ojú ẹyẹ ẹ̀gà lọ.
Mo fi etí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án,
ó fà á mu bí aṣọ funfun ṣe ń fa omi aró.
Ẹ̀rọ ń kà á bọ̀: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta.

"Kí ló tiẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀?"
Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gún un, kò bèèrè rí.

Mo ní, ẹ́ńsáìmù kan ń bẹ létí páálí yìí,
inú èébu dúdú ni wọ́n ti yọ ọ́,
ìbátan èyí tó ń bo búrẹ́dì tó ti pẹ́.
Kò bá iyọ̀ ṣe, kò kí ọ̀rá,
nínú gbogbo èrò inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà nìkan ló mọ̀.
Bó bá ti rí i, á já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì gbà lọ́wọ́ rẹ̀,
ohun tó kéré débi pé eruku jẹ́ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
á gbé e fún alágbàtà,
alágbàtà á gbé e dé ojú irin,
irin á sọ ọ́ di iná,
iná tí kò lè mú irun ẹsẹ̀ eṣinṣin gbọ̀n.
Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń pọ̀ tó.
Ẹ̀rọ kò tọ́ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ìyá mi,
ẹrù ọwọ́ alágbàtà ló ń kà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé alágbàtà dé inú ẹ̀jẹ̀."

Mo sọ fún un nípa ọ̀gá mi, Ṣófolúwẹ́,
tó kọ́ mi níṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní Ìjàyè.
Nígbà ọ̀dọ́ tirẹ̀, ìtọ̀ ni wọ́n ń sè.
Wọ́n á kán an sínú omi búlúù tí bàbà ti yòrò sí,
wọ́n á gbé ìgò sórí iná.
Bí kò bá sí ṣúgà, búlúù á jókòó jẹ́ẹ́.
Bó bá wà, á di àwọ̀ ewé, á di àwọ̀ ọsàn,
á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò ní pupa rúsúrúsú,
bí òrùlé Abẹ́òkúta téèyàn bá gun Olúmọ wò ó.

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀.
"Tèmi yí i po. Láti inú ìkòkò, aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé,
afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á di búlúù."
Iṣẹ́ kan náà ni, ìyá mi.
Nínú ìkòkò yín, afẹ́fẹ́ ló ń gbà lọ́wọ́ èlú.
Nínú ìgò ọ̀gá mi, bàbà ló ń gbà lọ́wọ́ ṣúgà.

Kí ìgò tó dé ńkọ́?
Ìdí igi gúáfà ni bàbá mi máa ń tọ̀ sí lóru.
Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀.
A da kẹrosíìnì lé wọn lórí,
a kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí.

Igba ó lé mọ́kànlá, láìtíì jẹun.
Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i.
"Kóró ṣúgà mẹ́rin ni," ó ní, "nínú ògì alẹ́ àná.
Má pariwo mọ́ mi."

Ó dìde, ó ṣí ìdérí ìkòkò tí wọ́n re lọ́jọ́ kẹfà,
kí n tó lanu, ó ti ti ìka tí mo gún bọ̀ ọ́.
"Èmi náà ń ṣe àyẹ̀wò."
Ọmọńdinrín jáde ní àwọ̀ ewé.
Àwa méjèèjì dúró tì í, à ń kà:
márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta.